Yàrá Mẹ́tàdínlógún, Ọ̀nà Mẹ́ta

Agboolé Alápò,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1989.

Kúbúrá Àṣàbí,

Mo kí ọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì pa ọ́? Èmi kò kú. Orúnkún ló ń dùn mí, ọṣẹ dúdú mi sì ń tà díẹ̀díẹ̀ ní Ọjà'ba. Clara aránṣọ tó wà ní iwájú ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi àdúrà ìjọ wọn kún un.

Mógàjí tó jẹ́ olórí ẹbí wa ti kú láti oṣù kẹwàá. N kò sọ fún ọ nítorí pé o kò lè wá, ẹkún lásán lò bá sun. Gàníyù ni Mógàjí báyìí, wọ́n sì ní kí a pín ilé. O mọ̀ pé yàrá mẹ́tàdínlógún ni bàbá àgbà rẹ kọ́, ìyàwó mẹ́ta ló sì fẹ́: ìyá Gàníyù, ìyá Àkíbù, àti èmi. Èmi nìkan ló kù láyé nínú wa. A ti fẹnu kò sí ìdí igi, pé ìyá kọ̀ọ̀kan yóò ní ìpín kan, a kò ní ka orí ọmọ. Ohun tó gbà mí là nìyẹn. Bí wọ́n bá ka orí, ọmọ ìyá Gàníyù pọ̀, ọmọ ìyá Àkíbù pọ̀, Mùdáṣírù bàbá rẹ nìkan ni èmi bí, ìwọ nìkan ni òun náà bí kó tó kú. A ó máa kà á láti ẹnu géètì: ti Gàníyù ló ṣáájú, ti Àkíbù tẹ̀lé e, tèmi ló kẹ́yìn nítorí èmi ni ìyàwó ìkẹyìn.

Iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ló di ìjà. Gàníyù pín in, yàrá méje bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àkíbù pín in, méje bọ́ sọ́dọ̀ òun náà. Mo pín in, wọ́n ní èmi náà fẹ́ mú méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣe ìpàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fa aṣọ ya mọ́ra wọn lọ́rùn. Níjọ́ kẹta ni ẹnu mi yá. Mo ní ọmọ ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kòmpútà nílùú òyìnbó, ẹ̀rọ náà kò ní ìyá, kò mọ ìdí igi ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó bá wa pín in. Mo rò pé wọn á fi mí rẹ́rìn-ín ni. Gàníyù ní kí Ààfáà gbé Kùránì wá lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wa fọwọ́ lé e pé ohun tí ẹ̀rọ bá kọ la máa ṣe, a kò ní fi kún un, a kò ní yọ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, lọ bi í. Yàrá mẹ́tàdínlógún, ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tí mo ń wá kò pọ̀: yàrá mi tó wà ní ìparí ilé, tó kọjú sí títì, tí a sin bàbá rẹ sí. N kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Bàtà tí o fi ránṣẹ́ kò bá ẹsẹ̀ mi mu.

Èmi ni Sìdí, ìyá bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1989.

Ìyá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú orúnkún. Ó dùn mí pé Mógàjí kú láti oṣù kẹwàá tí n kò gbọ́. Ẹ ní ẹkún lásán ni ǹ bá sun. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn ẹ jẹ́ kí n sun ún.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ yín. Ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ta pákó àti páànù ni mo ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń tẹ orúkọ ọjà sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí ọ̀gá mi jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo jókòó síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Kò rí bí ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó wà lọ́wọ́ àwọn aláṣọ Gbági. Ènìyàn ní láti kọ àṣẹ sí i ní èdè tirẹ̀, lẹ́yìn náà kó tẹ bọ́tìnnì ńlá kan kó tó dáhùn. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí, lẹ́yìn àmì $ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń gbé síwájú ènìyàn:

$ expr 17/3
17/3

Ó kàn sọ ọ̀rọ̀ mi padà fún mi bí ẹni tí kò gbọ́. Mo wá rántí pé ó fẹ́ àlàfo láàárín nọ́ńbà àti àmì, pé bí ènìyàn bá lẹ̀ wọ́n mọ́ra kò ní mọ̀ pé ìṣirò ni. Mo tún un kọ:

$ expr 17 / 3
5

Márùn-ún ni, Ìyá. Kò tó ìgbà tí ènìyàn yóò ṣẹ́jú. Ẹ sọ fún Bàbá Mógàjí pé ẹ̀rọ ní márùn-ún fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn pé mo wúlò nínú ilé wa fún ẹ̀ẹ̀kan. Mo gbọ́ bàtà ọ̀gá mi lórí àtẹ̀gùn, mo sì pa ohun tí mo kọ rẹ́ kíá.

Ọmọ yín,
Kúbúrá.


Bẹyẹrúnkà.
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 1989.

Kúbúrá,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ọ.

Ààfáà ka ìwé rẹ lójú gbogbo ilé. Àkíbù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀ pé ó ku méjì."

Gàníyù ní, "Ṣé ẹ̀rọ sọ pé ó ku méjì?"

"Kò sọ ọ́."

"Ṣé a búra pé a kò ní fi kún un?"

"A búra."

"Ó dáa. Ohun tí a kò bá pín, ọwọ́ Mógàjí ló ń wà."

Mo rí i nígbà tó ṣẹ́jú sí Àkíbù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ọjọ́ kejì, ó ti fi yàrá kan nínú méjèèjì ta Àkíbù lọ́rẹ kó lè panu mọ́. Wọ́n wá fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn láti ẹnu géètì. Ìkíní dé ìkarùn-ún jẹ́ ti Gàníyù. Ìkẹfà dé ìkẹwàá jẹ́ ti Àkíbù. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ìkọkànlá, ó parí sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó háyà yàrá lọ́wọ́ Àkíbù ló wà nínú méjì àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn kò jáde. Mẹ́ta tó kù kò ní òrùlé láti ìgbà òjò èṣí. Ìkẹrìndínlógún di ti Àkíbù. Yàrá tí mo ń sùn ni ìkẹtàdínlógún, Gàníyù sì ti mú un. Ṣọ́ọ̀bù táyà ló fẹ́ fi ṣe nítorí títì. Orí bàbá rẹ ló fẹ́ to táyà lé.

N kò jáde. Àgádágodo tuntun wà lọ́wọ́ Gàníyù, mo fojú ara mi rí i. Bí mo bá lọ sí ọjà, tí mo bá fi padà dé, wọ́n á ti tì í. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti jókòó sínú yàrá kan. Clara ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún mi. Bí mo bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Clara á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ dání títí màá fi dé. Obìnrin kan láti Kudeti ti gbé ọṣẹ tirẹ̀ sí àyè mi ní Ọjà'ba.

Owó ọṣẹ ni mo fi rán ọ lọ sí ilé ìwé. Kí lo kọ́ níbẹ̀? Irú ẹ̀rọ wo ló máa ń pín nǹkan, tó máa wá da ìyókù nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Padà lọ bi í, kí o sì tètè fèsì.

Sìdí.


Bẹyẹrúnkà.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 1989.

Kúbúrá,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, n kò rí ìwé. Bí o bá ń ṣàìsàn, sọ ọ́. Bí ojú bá ń tì ọ́, ìtìjú kò ní ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ojú wíńdò ni mo ti ń kí àwọn ènìyàn. Àwọn ọmọ ilé ti ń pè mí ní Ìyá Inú Kọ́ńbọ́ọ̀dù.

Gàníyù wá síbí lánàá. Ó ní, "Ìyá, a kò lé yín o. Ẹ kàn jáde wá gba atẹ́gùn díẹ̀." Mo ní kó kọ́kọ́ ju àgádágodo apò rẹ̀ sínú kànga. Ó lọ.

Fèsì.

Sìdí.

Ẹ̀gbọ́n Kúbúrá, èmi Clara ni mo fi èyí kún un, Ìyá kò mọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú nítorí àìrìn. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ẹ kọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, kódà kó jẹ́ irọ́.


Leeds.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 1989.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ má bínú. Ìwé yín ti dé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ìgbà mẹ́ta ni mo mú gègé tí mo tún fi sílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe, irọ́ ni. Bí mo bá kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣìṣe, ẹ̀rọ lẹ búra fún, ẹ kò búra fún mi. N kò rí ibi tí mo lè gbà jáde.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Àṣẹ tí mo kọ fún un nígbà náà, odindi nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Ohun tí kò bá tó odindi, kò ní sọ ọ́ àyàfi bí ènìyàn bá bi í lọ́tọ̀. Èmi ni n kò bi í. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ìwé yín dé. Mo fẹ́ sọ márùn-ún di ọ̀nà mẹ́ta, mo fi àmì ìràwọ̀ sáàárín wọn, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, nítorí pé ìràwọ̀ lásán túmọ̀ sí orúkọ gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀. Ènìyàn ní láti fi igi kékeré kan dì í mú:

$ expr 5 \* 3
15

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí Bàbá Àkíbù ṣe sọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í ní ohun tí ó ṣẹ́ kù:

$ expr 17 % 3
2

Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, Ìyá. Ó kàn ń dúró kí n bi í ni. Àṣẹ mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní bc, tó lè pín odindi sí wẹ́wẹ́. Mo ní kó pín yàrá wa, ó kọ márùn-ún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Iye tí mo bá ní kó kọ ló ń kọ. Kò ní parí láéláé. Ibi tí mo bá dá a dúró sí ló máa dúró. Mẹ́tàdínlógún ló ń dà wá láàmú. Ká ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yàrá wa, tàbí méjìdínlógún, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Ẹ ó ní kí n wá sílé. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, mo ń dúró kí wọ́n fún mi ní àṣẹ láti máa gbé síbí. Ó ti lé lọ́dún kan. Bí mo bá gbà á padà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, mo lè wá, ṣùgbọ́n n kò ní lè padà wọlé síbí mọ́, ohun gbogbo tí mo ti ṣe á sì dòfo. Yàrá kan ni èmi náà ń gbé. Bí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, mo fọwọ́ kan ògiri méjèèjì.

Ẹ máa na ẹsẹ̀ yín sórí àga nígbà tí ẹ bá jókòó.

Kúbúrá.


Bẹyẹrúnkà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, ọdún 1989.

Kúbúrá,

Ìwé rẹ dé. Clara kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ mi wú? Mo ti bá Clara jà.

N kò ní kí o padà wálé. Mi ò bi ọ́ léèrè nípa rẹ̀, má máa ṣàlàyé.

Mo to ọṣẹ sórí ẹní, mẹ́tàdínlógún. Mo pín in sí òkìtì mẹ́ta, méjì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Mo mú ọ̀kan sí i nínú apẹ̀rẹ̀, kò ku nǹkan kan. Mẹ́fà mẹ́fà. Mo jókòó tì í títí Clara fi bi mí bóyá orí ń fọ́ mi.

Ẹ̀yìn yàrá mi ni ilé tí mo ti ń se ọṣẹ wà. O mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ lo ti fi eérú gbígbóná jó ọwọ́ rẹ ní kékeré. Ògiri kan náà ni òun àti yàrá mi jọ ní, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní páànù. Nígbà tí a ń ka yàrá, kò sẹ́ni tó kà á. Bí a bá kà á, méjìdínlógún ni. Ìkíní dé ìkẹfà fún Gàníyù, ìkeje dé ìkejìlá fún Àkíbù, ìkẹtàlá lọ títí dé ilé ọṣẹ fún wa. Yàrá mi wà nínú rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe Ààfáà, ó bá mi sọ̀rọ̀ lójú wíńdò. Mo ní, "Ààfáà, bí a bá sọ iye tí kò pé fún ẹni tó fẹ́ pín nǹkan, ṣé ìpín náà dè wá?" Ó ronú, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Ìbéèrè tí kò pé, ìdáhùn rẹ̀ kò de ẹnikẹ́ni." Mo ní kó má gbàgbé ọ̀rọ̀ tó sọ.

Nítorí náà, padà lọ bá ẹ̀rọ. Bi í ní méjìdínlógún lọ́nà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà bi í ní ohun tó ṣẹ́ kù, má tún gbàgbé. Jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé. Ìwọ má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Sìdí.


Leeds.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 1989.

$ expr 18 / 3
6
$ expr 18 % 3
0


Bẹyẹrúnkà.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1989.

Kúbúrá Àṣàbí,

Mo kí ọ dáadáa lónìí. Ìwé ẹ̀rọ dé. Ìwé náà gùn, ó ní ihò wẹ́wẹ́ létí méjèèjì, gbogbo ilé fọwọ́ kàn án.

Gàníyù ní, "Ìyá, kí ló mú kí ẹ̀rọ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà?"

Mo ní, "Kò yí i. Yàrá méjìdínlógún la ní, mẹ́tàdínlógún la sọ fún un."

"Èwo ni ìkejìdínlógún?"

"Ibi tí mo ti ń se ọṣẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Gàníyù ní, "Ilé eérú! Ṣé ìkòkò ló fẹ́ jogún bàbá wa ni?"

Àkíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka ìka lábẹ́ agbádá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, márùn-ún mi, pẹ̀lú èyí tí ẹ ta mí lọ́rẹ, mẹ́fà nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nínú ìpín tuntun yìí, mẹ́fà náà ni tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí wá ni mo ń bá ìyá arúgbó jà sí?"

Gàníyù wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ó yíjú sí Ààfáà. Ààfáà rántí ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó fi kún un pé yàrá ni ibi tí ènìyàn ń sùn tó sì ń jí. Ìyẹn ni Gàníyù gbá mú.

"Ta ló ń sùn níbẹ̀?"

"Èmi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òní."

Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnì kan nínú ìdí igi yín kò bá sùn níbẹ̀, ó di ilé ọṣẹ padà nìyẹn, a sì tún di mẹ́tàdínlógún." Ààfáà ní ó tọ́. Wọ́n tún gbé Kùránì wá. Mo tún fọwọ́ lé e.

Nítorí náà, yàrá kò bọ́. Wọ́n ti fi omi fọ ẹfun àtijọ́ kúrò, wọ́n kọ tuntun. Ìkẹtàlá dé ìkejìdínlógún jẹ́ tiwa. Bàbá rẹ wà níbi tó wà. Mo ta ìkòkò ọṣẹ fún obìnrin Kudeti tó gba àyè mi, nítorí ènìyàn kò lè máa se ọṣẹ níbi tó ń sùn. Bẹ́ẹ̀dì mi kò gba ẹnu ọ̀nà ilé ọṣẹ, ẹní ni mo tẹ́. Eérú kò tíì kúrò lára ògiri, mo ń wúkọ́ díẹ̀. Yàrá ìkẹtàdínlógún wà ní títì, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Tìrẹ ni. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀.

Mo ń jáde lọ́sàn-án báyìí. Mo ti dé Máàpó, mo ti dé Ọjà'ba, wíwú ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ mo gbọ́dọ̀ ti dé. Ní àsìkò àṣùbá, ìyàwó Gàníyù á kan ilẹ̀kùn ilé ọṣẹ, á ní òun wá kí mi. Ó wá wò bóyá mo sùn níbẹ̀ ni. Clara fẹ́ mú mi lọ sí ìkómọ àbúrò rẹ̀ ní Òkè Bọ́lá fún ọjọ́ méjì. Mo ní kó kí wọn.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Mo ti dàgbà. Mo bi Ààfáà bóyá òkú ènìyàn tí a sin síbẹ̀ lè dúró fún ẹni tó sùn. Ó ní rárá, alààyè ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìdí igi wa. Ọjọ́ tí mo bá kú gan-an, ẹnì kan ní láti gbé orí lé ẹní yẹn.

Mo ka ìdí igi wa, n kò nílò ẹ̀rọ. Ìka kan ni mo nà.

Sìdí, ìyá bàbá rẹ.